Ààrò Kan, Ọwọ́ Mẹ́rin

Ẹja àrọ̀ tí a bá fẹ́ yan gbẹ, ìrù rẹ̀ la máa ń kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu. A ó ti fi iyọ̀ fọ̀ ọ́ títí yíyọ̀ ara rẹ̀ á fi lọ, a ó ti fa ìfun rẹ̀ jáde, a ó wá ká a roboto bí òṣùká, a ó fi igi ìgbálẹ̀ gún un láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan já sí èkejì kó má baà tú nígbà tí iná bá mú un. Igi ìgbálẹ̀ yẹn ò gbọdọ̀ nípọn jù, kó má baà la orí ẹja. Kò sì gbọdọ̀ tínrín jù, kó má baà jóná kí ẹran tó gan. Fún ọdún mẹ́fà, èmi nìkan ni mo mọ irú igi ìgbálẹ̀ tí mo fẹ́, èmi nìkan ni mo sì ń ṣà á, lórí àpótí kékeré, ní aago mẹ́rin ìdájí.

Ìgbógbó ni mo ń gbé, ní Ìkòròdú, ẹ̀yìnkùlé wa sì ni ààrò mi wà. Ọdún 2016 ni mo bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí iléeṣẹ́ kan tí mo ti ń ṣiṣẹ́ dá ọ̀pọ̀ nínú wa dúró lọ́jọ́ kan náà. Ọwọ́ àwọn tó ń sin ẹja lọ́nà Ọdọ́gunyàn ni mo ti ń ra ẹja tútù, kẹ̀kẹ́ Márúwá á sì bá mi gbé e wálé nínú kẹ́ẹ̀gì ńlá tí wọ́n ti gé lórí. Bó bá gbẹ tán, díẹ̀ nínú rẹ̀ á lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá tó ń tà á ní Sábó, ìyókù á wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpákodò lọ bá àwọn oníbàárà mi ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà nígbà yẹn, mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀ di òní. Ó wù mí láti rí i bí awọ ẹja ṣe ń kúrò ní dúdú tó ń di pupa rẹ́súrẹ́sú, tí òróró rẹ̀ ń kán sórí èédú, tí iná ń dá a lóhùn.

Ní ìparí ọdún 2021, ìyá kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó tó ń di oúnjẹ gbígbẹ fún àwọn tó ń rìnrìn àjò lọ sókè òkun pè mí lórí fóònù. Ó ní kí n máa fún òun ní kílò 10 ẹja gbígbẹ lọ́sẹ̀, lákọsílẹ̀, owó ọwọ́ ni. Kílò mẹ́rin tútù ló ń di kílò kan gbígbẹ lọ́wọ́ mi, torí náà kílò 40 tútù ló ń sọ. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo ń dáná, kílò 40 ni mo ń gbé sórí iná nígbà kọ̀ọ̀kan, tiẹ̀ á wá sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mẹta. Orókún mi ti ń dùn mí tẹ́lẹ̀. Ojú mi ti ń ṣomi lálaalẹ́ nítorí èéfín. Mo sọ fún ìyá náà pé, “Ẹ má bínú, Mà, agbára mi ò gbé e.” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bi mí pé, “Àbí ìwọ nìkan lo ń ṣe é ni?”

Mo ti gbọ́ ìbéèrè yẹn rí, ṣùgbọ́n bó ṣe bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò jẹ́ kí n sùn.

Ẹ bá mi rìn láti Gárééjì wọ Sábó. Ọkùnrin tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, òun nìkan ni. Ọmọbìnrin tó jókòó sábẹ́ agbòòrùn pẹ̀lú ẹ̀rọ POS, òun nìkan ni. Ìyá alákàrà, ẹni tó ń tún fóònù ṣe, ẹni tó ń rán ẹnu báàgì, bàbá tó ń jó irin wíńdò, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló wà nídìí tiẹ̀, ó ń ṣe ọ̀gá, ó ń ṣe òṣìṣẹ́, ó ń ṣe akọ̀wé, ó ń ṣe ẹ̀ṣọ́. Nígbà tí àwọn tó ń ka iye nǹkan fún ìjọba, ìyẹn NBS, gbé àbọ̀ wọn jáde lórí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2023, wọ́n ní nínú gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, ìdá 75.4 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń ṣe iṣẹ́ ara wọn tàbí tó ń ṣe oko ara wọn. Àwọn tó ń gba owó oṣù kò ju ìdá 11.8 lọ. Òfin iléeṣẹ́ tí wọ́n ṣe lọ́dún 2020 tilẹ̀ gbà kí ẹnì kan ṣoṣo dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, láìní alájọṣe kankan. Ẹ lè ní ìwé iléeṣẹ́ lọ́wọ́, kí ó sì jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ wà nídìí iná.

Ìpínsísọ̀rí kan wà tí ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, gbé jáde lọ́dún 1993, tó ya àwa tó ń ṣiṣẹ́ ara wa sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó ń dá ṣe é wà lápá kan, ẹni tó gba èèyàn síṣẹ́ wà lápá kejì. Wọ́n ní kí a tó lè pe èèyàn ní agbanisíṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ gba ẹnì kan, ó kéré tán, síṣẹ́ lemọ́lemọ́. Ìyá tí mo pè wá bá mi fọ ẹja lọ́jọ́ ọjà, tí mo san owó ojúmọ́ fún, kò sọ mí di nǹkan kan. Bí ẹja bá wà, màá pè é. Bí kò bá sí, mi ò ní pè é. Inú ọ̀rọ̀ lemọ́lemọ́ yẹn gan-an ni ẹ̀rù wà. Ó túmọ̀ sí pé bí ọjà yá, bí ọjà ò yá, ẹnì kan wà tó ti ka ọjọ́ dé 30, tó sì ń wò yín lójú.

Ní oṣù kejì ọdún 2022, mo gba ọmọbìnrin kan láti Bàíyékù. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún 22 ni, ìyá rẹ̀ ń ta ẹja létí ọ̀sà, kò bẹ̀rù ẹja, kò sì bẹ̀rù iná. A jọ fẹnu kò sí 35,000 náírà lóṣù. Nígbà yẹn, 30,000 ni owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba fọwọ́ sí, mo sì rò pé mo ti ṣe dáadáa.

Kí n sọ ìṣirò rẹ̀ bó ṣe rí gan-an, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń kọsẹ̀. Ẹja tútù jẹ́ 1,300 náírà ní kílò kan nígbà náà, kílò 40 wá di 52,000. Èédú, iyọ̀ àti owó ọkọ̀ jẹ́ 7,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 59,000. Kílò 10 gbígbẹ ló ń bọ́ síbẹ̀, mo ń tà á ní 7,000, ó jẹ́ 70,000. Èrè orí iná kan jẹ́ 11,000. Nígbà tí mò ń dá ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni mo ń dáná lóṣù, mo ń mú 88,000 wọlé. Pẹ̀lú ọmọbìnrin yìí, a ń dáná ní ẹ̀ẹ̀méjìlá, ó di 132,000. Mo yọ 35,000 rẹ̀ kúrò, ó ku 97,000. Gbogbo wàhálà yẹn, 9,000 náírà péré ni mo fi ju ti àná lọ, oúnjẹ ọ̀sán wa àti ẹja tó já lórí wáyà sì ti jẹ ẹ́ tán kí oṣù tó parí.

Mo sunkún lóru ọjọ́ tí mo ṣe ìṣirò yìí. Mo rò pé ọmọbìnrin náà ló ń jẹ èrè mi. Ó tó bí oṣù méjì kí ó tó yé mi pé kò sí èrè kankan níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. 88,000 tí mo ń pè ní èrè, owó iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ta ẹja bí ẹni pé ọwọ́ tó fọ̀ ọ́, tó ká a, tó gún un nígi ìgbálẹ̀, tó sì jókòó tì í di òru kò gba kọ́bọ̀. Iye tí mo ń tà á kò ní owó òṣìṣẹ́ nínú, torí òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀, èmi ni, mi ò sì bi ara mi rí pé èló ni mo fẹ́ gbà. Nígbà tí ẹlòmíì wá dúró síbẹ̀ tó ní kí n sanwó, ọjà náà ò lè gbé e.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ rò nìyí kó tó gba èèyàn. Ẹ kọ́kọ́ gba ara yín síṣẹ́. Ẹ kọ owó oṣù yín sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe máa kọ ti àlejò, kí ẹ wá wò ó bóyá ọjà tí ẹ ń tà lè san án. Bí kò bá lè san tiyín, kò ní lè san ti ẹlòmíì. Mo gbé kílò kan lọ sí 8,000. Oníbàárà mẹ́ta nínú àwọn ti Sábó kúrò lọ́dọ̀ mi, méjì padà wá.

Owó tilẹ̀ wá rọrùn ju iṣẹ́ kíkọ́ lọ. Iṣẹ́ yìí wà lọ́wọ́ mi, kò sí lẹ́nu mi. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọmọbìnrin náà bi mí pé, “Àǹtí, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti gbẹ?” Mo ní, “Wàá mọ̀.” Mo rò pé mo ti dáhùn. Ó mú ẹja kan wá, mo ní kò tíì gbẹ. Ó mú òmíràn wá, mo ní ìyẹn ti gbẹ jù. Ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì, ojú rẹ̀ rẹ̀ wẹ̀sì. Lójú tiẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ó di dandan kí n jókòó kí n wo ọwọ́ ara mi. Mo ní kó dúró tì mí, mo wá ń sọ ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe síta bó ṣe ń ṣe é. Mo rí i pé kì í ṣe àwọ̀ ẹja ni mo ń wò. Àtàǹpàkò ni mo ń fi tẹ ẹ̀yìn orí rẹ̀, níbi tí ẹran ti nípọn jù. Bó bá ṣì wọlé díẹ̀, omi ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ń mú méjì, mo ń gbá wọn mọ́ra létí mi. Ẹja tí kò tíì gbẹ á dún bí ìgbà tí wọ́n gbá ẹran mọ́ra, pọ̀. Èyí tó gbẹ á dún kó, bí igbá méjì. Mi ò mọ̀ pé mo ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́fà, mi ò mọ̀ pé etí ni mo fi ń gbẹ ẹja! Mo tún wá kíyè sí i pé mo máa ń jẹ́ kí iná le fún wákàtí méjì àkọ́kọ́ kí ẹja lè jinná, lẹ́yìn náà màá wa èédú náà sí ẹ̀gbẹ́, màá jẹ́ kí ooru kékeré máa fa omi inú rẹ̀ jáde títí di òru. Bí iná bá le jù lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yìn á gan, inú á sì tutù. Ẹni tó rà á á ní ó dára, ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, funfun á ti hù lára rẹ̀ nínú ọ̀rá.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé ìkọ̀wé ọmọ mi kan, ní Yorùbá. Ojú ewé mẹ́rin ni. Nínú gbogbo ohun tí mo ní nídìí iṣẹ́ yìí, ojú ewé mẹ́rin yẹn ni mo ka sí iyebíye jù.

Nípàdé ẹgbẹ́ àwa tó ń ta ẹja gbígbẹ, ọ̀rọ̀ tí mo máa ń gbọ́ ni pé èèyàn ò ṣe é gbà síṣẹ́ mọ́, wọn ò gbọ́ràn, olè ni wọ́n. Lẹ́yìn ìgbà náà, mo ti gba ẹnì kan tó jí ẹja mi, mo dá a dúró. Ó ń ṣẹlẹ̀. Kò pọ̀ tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Èyí tó pọ̀ ni ti ọ̀gá tí kò sọ iṣẹ́ jáde lẹ́nu rí, tó wá ń bínú sí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí òun ò sọ.

Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ kan láti ìgbà náà. Àrọ̀ ni mo ń yan, orí ààrò ni mo ti ń yan án, àáró ni mi ò ní. Àwọn baba wa kò dá ṣiṣẹ́ bí a ti ń dá a ṣe yìí. Àwọn ẹgbẹ́ kan náà á ṣe àáró, wọ́n á ti oko ẹni yìí dé oko ẹni yẹn, ẹni tí wọ́n bá bá ro oko mọ̀ pé òun náà jẹ gbèsè ọjọ́ kan lóko oníkálùkù wọn. Ẹni tí iṣẹ́ bá kàn lójijì, tàbí tó fẹ́ ṣiṣẹ́ àna, á bẹ ọ̀wẹ̀, á sì fún wọn lóúnjẹ. Ẹni tó yá owó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, iṣẹ́ tó ń ṣe á dúró fún èlé títí wọ́n á fi san owó náà padà. Ọmọ iṣẹ́ wà, tó ń sin ọ̀gá rẹ̀ kó lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n á sì ṣe ìdáǹdè fún lọ́jọ́ tó bá parí. Alágbàṣe wà, tó ń ṣiṣẹ́ gbowó, tó ń lọ sílé rẹ̀. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, kò sí èyí tí kò ní bí wọ́n ṣe ń san án. Kódà nínú ìwọ̀fà tó burú, oníkálùkù mọ ohun tí òun jẹ àti ẹni tí òun jẹ ẹ́.

Èmi ò pe ọmọbìnrin tí mo gbà ní ìkankan nínú wọn. Mo pè é ní ọmọ mi. Mo rò pé ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo ń fún un lóúnjẹ, mo ra bàtà fún un nígbà Iléyá. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni kì í ka ọjọ́ fún ni. Ọmọ ẹni lè dúró di ìparí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọmọ ẹni, bó bá ba nǹkan jẹ́, èèyàn lè bá a wí bó ṣe wu èèyàn. Mo ń lo ọ̀rọ̀ ọmọ nígbà tí mo bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó bá kan owó, kíá ni mo máa ń rántí pé òṣìṣẹ́ ni.

Oṣù kẹjọ ọdún 2022 ni ẹja jóná. Mo ti lọ sí Sábó láti àárọ̀, mi ò tètè dé, ọmọbìnrin náà sì ti wà nídìí iná láti aago mẹ́rin ìdájí. Oorun gbé e lọ. Kílò márùn-ún ẹja di èédú. Nígbà tí oṣù parí, mo yọ 6,500 náírà kúrò nínú owó rẹ̀, iye tí mo ra ẹja náà gẹ́lẹ́, mo fún un ní 28,500. Mo ní kó lè kọ́gbọ́n ni. Ó kúnlẹ̀, ó gbà á, ó ní, “Ẹ ṣé, Àǹtí.”

Àbúrò ọkọ mi jẹ́ lọ́yà. Nígbà tí mo sọ fún un, tí mo rò pé á ní mo ṣe ọ̀gá dáadáa, ó wò mí. Ó ní Labour Act, ìyẹn òfin iṣẹ́, kò fàyè gba kí agbanisíṣẹ́ gé owó òṣìṣẹ́ nítorí ìtanràn. Bó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí pé ó ṣe é láìbìkítà, ọ̀gá ò lè dá yọ owó náà fúnra rẹ̀; òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí i lákọsílẹ̀ ṣáájú. Ó ní, “Ìyàwó wa, wákàtí mélòó ló ti wà nídìí iná kó tó sùn?” Mi ò rí èsì fún un.

Ó sọ ìyókù fún mi lọ́jọ́ yẹn. Ó ní kí oṣù mẹ́ta tó pé, ó yẹ kí n ti fún ẹni tí mo gbà níwèé tó sọ iṣẹ́ rẹ̀, owó rẹ̀ àti ọjọ́ tí màá máa san án. Ó ní bó bá pé ọdún kan, ó ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, ó kéré tán, tí màá sì san owó rẹ̀. Ó ní bí mo bá fẹ́ kó lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni mo gbọ́dọ̀ sọ fún un, bó bá sì ti lo ọdún méjì, ó di ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní òfin kan ti wà láti ọdún 2010 fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ni agbanisíṣẹ́ ń dá sí i lọ́dọ̀ NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó náà. Iná la fi ń ṣiṣẹ́. Mi ò tilẹ̀ ní òògùn ìjóná kankan nílé.

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbọ́ pé òfin owó oṣù tó kéré jù, èyí tó di 70,000 náírà lóṣù keje ọdún 2024, kò de ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. A wá gbé ìyẹn dìde bí ìwé ìdásílẹ̀, bí ẹni pé kò sí òfin kankan tó dé ẹ̀yìnkùlé wa. Àwọn òfin tó kù dé ibẹ̀.

Mo mọ gbogbo èyí lóṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Mi ò dá 6,500 náà padà. Ojú ń tì mí, mo sì ń sọ fún ara mi pé màá fi kún ti Kérésìmesì.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ owó tuntun dé. Ẹ ò ní gbàgbé oṣù kìíní sí oṣù kẹta ọdún 2023, nígbà tí banki àpapọ̀ ní àwọn ń pààrọ̀ náírà, tí wọ́n sún ọjọ́ owó àtijọ́ láti 31 oṣù kìíní sí 10 oṣù kejì, tí owó tuntun ò sì sí níbi kankan. Àwọn ìyá Sábó tí mo ń kó ẹja fún ní àwọn tó ń wá rajà ò ní owó lọ́wọ́. Tíránsífà ń há. Ẹja ń bẹ nílé nínú àpò, ó gbẹ, ó dára, kò sí ẹni tó lè rà á. Mo san 10,000 nínú owó oṣù kìíní fún ọmọbìnrin náà, mo ní kó ní sùúrù. Oṣù kejì, mi ò san nǹkan kan. Ó ń wá lójoojúmọ́. Mo kàn kíyè sí i pé kì í tètè dé mọ́, pé eruku ń wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo bá a wí lẹ́ẹ̀mejì nítorí pípẹ́. Kò sọ fún mi pé ẹsẹ̀ lòun fi ń rìn láti Bàíyékù.

Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó àtijọ́ máa jẹ́ níná títí di ìparí ọdún náà. Ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í mí padà. Mo san gbogbo gbèsè rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, inú mi dùn, mo rò pé a ti là á já. Ó ka owó náà, ó dúpẹ́, ó jókòó lórí àpótí. Ó ní, “Àǹtí, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn mi. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo yá gààrí lọ́wọ́ rẹ̀ ò mọ̀ pé ọmọ yín ni mí.” Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, kò wá mọ́.

Mo padà dá ṣe é fún oṣù mẹ́rin. Kílò 10 ti ìyá Ìsàlẹ̀ Èkó bọ́.

Àwọn méjì ló wà lọ́dọ̀ mi báyìí, ìyálé ilé kan láti Ìsìwú àti ọmọbìnrin kan láti Àgbèdè. 70,000 náírà ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ń gbà. Ìyá alájọ tó ń kọjá níwájú ilé wa ló ń bá mi kó owó wọn jọ. Mo ń fún un ní 5,000 lójoojúmọ́ kí n tó ra ohunkóhun, kódà kí n tó ra èédú. Lóṣù tó bá pé ọjọ́ 30, ó ń di 150,000, ó á yọ 5,000 ọjọ́ kan tó jẹ́ tiẹ̀, á gbé 145,000 fún mi. Owó àwọn méjèèjì ń kúrò níbẹ̀, 5,000 tó ṣẹ́kù ń ra ọṣẹ, ìbọ̀wọ́ àti òògùn ìjóná. Lọ́jọ́ tó bá gbé e fún mi gan-an ni mo ń san án. Wọ́n ń pè mí ní Àǹtí, mo ń pe àwọn náà lórúkọ wọn. Bí ẹnì kan bá jókòó tiná láti ìdájí, ẹlòmíì á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá di ọ̀sán, bí kò bá sì sí ẹlòmíì, èmi ni. Èèyàn lè ní kò sí èrè púpọ̀ níbẹ̀. Òótọ́ ni pé kò pọ̀. Ṣùgbọ́n mo ń sùn lóru, orókún mi sì ti fúyẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, fóònù mi dún. Ọmọbìnrin Bàíyékù ni. Ó ti ní ààrò tiẹ̀ báyìí, nítòsí ẹ̀bútẹ́, ọdún kejì rẹ̀ rèé tó ń dá ṣe é. Iṣẹ́ ti ń pọ̀ jù fún un, ó fẹ́ gba ẹnì kan. Ó ní, “Àǹtí, mo fẹ́ mọ bí ẹ ṣe ṣètò owó mi nígbà yẹn.”

Mo lọ mú ìwé ìkọ̀wé yẹn wá, èyí tí mo kọ iṣẹ́ sí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń kọ owó sí. Mo kà á fún un lóṣooṣù, láti oṣù kejì ọdún 2022. Nígbà tí mo dé oṣù kẹjọ, ohùn mi rẹlẹ̀. Mo kà á bó ṣe wà níbẹ̀: 35,000, a yọ 6,500, ó ku 28,500. Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ bí iná rẹ̀ ṣe ń ta pàrà lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ní, “Mo rántí.”

Mo ní, “Èló ni wọ́n ń ta ẹja tútù lọ́dọ̀ yín báyìí?”

Ó ní 4,000 ni kílò kan. Ẹja ni mo yọ lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe náírà, kílò márùn-ún. Mo ní kó fi nọ́ńbà báńkì rẹ̀ ránṣẹ́, mo san 20,000 náírà fún un kí a tó gbé fóònù sílẹ̀, mo sì ní kó máa bá mi sọ̀rọ̀ lọ títí álátì á fi wọlé. Ó wọlé. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní òun máa fi ra wáyà ìyanja tuntun, torí ti tẹ́lẹ̀ ti ń já lójú, àti pé ẹni tóun fẹ́ gbà yìí, ọjọ́ Ajé ló máa bẹ̀rẹ̀, ṣé mo lè ya àwòrán ojú ewé mẹ́rin yẹn kí n fi ránṣẹ́ sóun.

Mo yà á. Ìkejì kò hàn dáadáa, òróró ẹja ti kán sí i, torí náà mo fi ohùn ka ìyẹn fún un.